Àpótí Òtútù Inú Yàrá Télọ̀

Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé irin ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ó ń po irin pọ̀, ó ń yọ́ ọ, ó ń wá èyí tó lè mú nǹkan tutù láìsí gáàsì, láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo lẹ́yìn ilé. Tó bá ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún èèyàn, onítọ̀hún á kọ́kọ́ mi orí bí ẹni tó gbọ́, á wá bi í pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé ẹ lè bá mi wo fíríìjì mi?" Ó ti sú u láti máa jiyàn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ télọ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Òtútù. Orúkọ náà mọ́ ọn lára títí àwọn ará láàbù fi gbà á lò, títí ọ̀gá wọn pàápàá fi gbàgbé èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí irin ọ̀hún ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò bá mọ ìyẹn kò lè mọ ohun tó ṣe obìnrin yìí. Àwọn irin kan wà, tí ẹ bá gbé òòfà ńlá sún mọ́ wọn, wọ́n á gbóná. Ẹ gbé òòfà náà kúrò, wọ́n á tutù. Kò sí idán ńbẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí omi ṣàn kọjá lára irin náà nígbà tó gbóná, kí omi gbé ooru rẹ̀ lọ síta, kẹ́ ẹ tó wá gba òòfà lọ́wọ́ rẹ̀, á tutù ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é léraléra, ẹ ti ní fíríìjì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé irin kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀ tó ti ń ṣe dáadáa. Tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀lẹ. Tó bá tutù jù bẹ́ẹ̀, ọ̀lẹ náà ni. Iṣẹ́ Àǹtí Òtútù ni láti mú kí irin gba ìwọ̀n tí òun fẹ́. Á yọ́ irin pọ̀ mọ́ àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní sílíkọ́ọ̀nù àti lántánọ́ọ̀mù, á lọ̀ ọ́, á wá fi gáàsì háídrójìn bọ́ ọ nínú ìléru kékeré. Tí irin náà bá mu gáàsì díẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á gòkè díẹ̀. Tó bá mu púpọ̀, á gòkè púpọ̀. Bí ìyàwó ilé ṣe ń tọ́ iyọ̀ wò lòun náà ń ṣe, tó ń bu díẹ̀ kún un, tó ń wò ó, tó tún ń bu díẹ̀ kún un.

Àbúrò rẹ̀ yìí, Télọ̀ la ó máa pè é. Yàrá kan ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, bẹ́ẹ̀dì wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ògiri kún fún pátánì bébà tó fi ìṣó kọ́. Ìyá wọn ń gbé ní yàrá kejì. Láti ìgbà tí Télọ̀ ti wà nílé ìwé ló ti ní ìtọ̀ ṣúgà, irú èyí tó jẹ́ pé bí kò bá gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, kò sí àgbo, kò sí àdúrà, ikú ni. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò sì fẹ́ ooru. Inú òtútù ló gbọ́dọ̀ máa gbé.

Iná àdúgbò wọn, ẹ fojú inú wò ó. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Fíríìjì tí wọ́n rà jò gáàsì dànù láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bàjẹ́, Télọ̀ sì dojú bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tòun ti aṣọ oníbàárà lọ́wọ́. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lákòókò, ó yè é. "Ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́," ni ìyá wọn ń wí fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn. Àǹtí Òtútù kò dúpẹ́ ní tirẹ̀. Ó wò ó pé òun tóun ń mú irin tutù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ ìyá òun ló fẹ́ kú nítorí pé kò rí òtútù. Ojú tì í. Ó sì bínú.

Ó lọ bá ọ̀gá láàbù. Ọkùnrin náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jókòó, kódà tó bá ń jẹun. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tó máa ń mú nǹkan tutù fún ilé ìtajà ńlá ni wọ́n ń ṣe nígbà yẹn.

"Ọ̀gá, mo fẹ́ ṣe àpótí kékeré kan."

"Kékeré báwo?"

"Èyí tí abẹ́rẹ́ oṣù mélòó kan máa gbà. Kí bátìrì máa gbé e."

"Ta ló fẹ́ rà á?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Àbúrò mi ló fẹ́ lò ó."

Ọ̀gá wò ó títí, ó ní kó lọ ṣe é, pé tó bá dáa, àwọn máa fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ilé ìwòsàn kéékèèké tí iná ò dé. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tó máa sọ níwájú mú yín kórìíra rẹ̀.

Báyìí ni Àǹtí Òtútù gbé tẹmómítà kan kọ́ sára ògiri yàrá Télọ̀, láàárín àwọn pátánì bébà, kó lè mọ ìwọ̀n ooru ibẹ̀. Tó bá ti wá kí wọn, ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ kó tó kí ènìyàn. Àárọ̀, ó wò ó. Ọ̀sán, ó wò ó. Télọ̀ á ká téèpù tó fi ń wọn èèyàn sọ́rùn, á máa rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti wọn èjìká ẹ̀, ẹ ti wọn ìbàdí ẹ̀. Ìgbà wo lẹ fẹ́ gé aṣọ gan-an?"

"Pa ẹnu ẹ dé. Ṣé o ò mọ̀ pé ẹni tí kò wọ̀n dáadáa, aṣọ oníbàárà ló ń bà jẹ́?"

"Kó má ṣáà fún yàrá mi láyà o."

Aṣọ náà kò fún, kò ṣò. Irin inú àpótí yẹn, ìpele ìpele ló tò ó. Ìpele tó wà lẹ́bàá ìta ló wọ̀n mọ́ ooru yàrá Télọ̀ gẹ́lẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e tutù sí i díẹ̀, títí dé ìpele tó kẹ́yìn, níbi tí abẹ́rẹ́ wà. Wọ́n ń gba ooru lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń nà án síta, bí àwọn tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tí wọ́n ń na garawa omi síra wọn níbi tí ilé ti ń jó. Tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá ti káwọ́ gbera, kò sí bí tẹni tó kù ṣe lè dáa tó. Ó fi ìpele ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe àṣelàágùn. Ó ju irin tó ti yọ́ mélòó kan nù kó tó rí èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti ògiri yẹn mu rẹ́gí. Ọjọ́ tó rí i, ó pariwo nínú láàbù, ó ń jó.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa láàbù wọn. Èèwọ̀ ni kí irin sùn sórí tábìlì níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ń dán wò, inú ẹ̀rọ ni yóò wà, òòfà á máa yí lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru, oṣù wọlé, oṣù jáde, kó lè hàn pé kò ní fọ́. Èyí tí wọn kò bá dán wò, wọ́n á kó o lọ sí yàrá ẹrù tó tutù bíi yìnyín, kó má baà dógùn-ún. Ìmọ́tótó ni wọ́n ka èyí sí, wọ́n sì ń fi yangàn. Nítorí bẹ́ẹ̀, nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe irin yìí, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó tíì rí i kó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìwọ̀n ooru tirẹ̀, láìṣe nǹkan kan. Ta ló máa ronú kan irú ìyẹn? Ibi tí nǹkan ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù lọ, ṣé ibẹ̀ lẹ máa lọ dúró dè é pé kó ti bàjẹ́ ni?

Àpótí dé yàrá Télọ̀. Kò pariwo. Télọ̀ gbé etí lé e. "Ṣé ó ń mí ṣá?" Àǹtí Òtútù gbá a lórí. Láti ọjọ́ yẹn, nǹkan dáa. Abẹ́rẹ́ ń tutù, Télọ̀ ń sanra, ó tún wá ń wo ọmọbìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì, ìyá wọn sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Tẹmómítà kékeré tí Àǹtí Òtútù fi sínú àpótí náà kò yẹ̀ rí. Nígbà tó yá, Àǹtí Òtútù yọ ọ́, ó ní èyí ò nílò olùṣọ́ mọ́, ó lọ fi í sínú òmíràn tó ń lọ sílé ìwòsàn kan. Ohun kékeré ló jọ lọ́jọ́ náà.

Télọ̀ wá rí iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé kan ní ìlú mìíràn. Ó kó abẹ́rẹ́ sínú fúláàsì, ó lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí fíríìjì rẹ̀ dáa. Oṣù méjì ló máa lò. Ó ku ìyá wọn nìkan nílé, ìyá tó jẹ́ pé gílóòbù kan kò gbọ́dọ̀ tàn lásán lójú rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ obìnrin.

"Àpótí yín yìí ń ṣiṣẹ́, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ń ṣe mí. Ṣé n pa á?"

"Ẹ pa á, Màmá. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ìyẹn ló dáa. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́."

Ó pa á. Ó nù ún, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, ó fa kọ́tìnì sí i kí oòrùn má ṣe kàn án. Òjò ń rọ̀ nígbà yẹn, ooru yàrá kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀. Gẹ́lẹ́ bí Àǹtí Òtútù ṣe wọ̀n ọ́n ló ṣe wà.

Télọ̀ dé, ó tan àpótí, iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ tàn, òòfà ń yí. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó tutù. Ó lọ gba abẹ́rẹ́ tuntun tó máa tó o fún ìgbà pípẹ́, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ooru ẹ̀ẹ̀rùn dé, ooru tó ń mú kí páànù máa dún lórí ilé.

Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ díẹ̀díẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó ní ooru ni. Ẹ̀rọ tó fi ń wo ṣúgà ń sọ pé ó ga, dókítà ní kó fi abẹ́rẹ́ kún un, ó fi kún un, ó tún ga. Ìyá rẹ̀ gba bísíkíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, ó bú u, ó ní òun ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Wọ́n fura sí oúnjẹ, wọ́n fura sí iṣẹ́, wọ́n fura sí ọmọbìnrin oníbọ́tìnnì. Kò sẹ́ni tó fura sí àpótí. Àǹtí Òtútù pè é lórí fóònù.

"Àpótí ńkọ́?"

"Ó tutù. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù ju yàrá lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá ní kí n fura sí ara mi, màá fura. Mi ò lè fura sí iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Inú Àǹtí Òtútù dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ gbà mí o, inú rẹ̀ dùn!

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyá wọn gbọ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́ jù. Nígbà tí Àǹtí Òtútù fi máa dé ọsibítù, àbúrò rẹ̀ ń mí kíkankíkan bí ẹni tó sáré, èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó pọ́n jù. Ó ṣì mọ̀ ọ́n.

"Ẹ̀gbọ́n mi, aṣọ ìyá arúgbó yẹn ku etí. Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má bínú."

"Ìwọ lo máa sọ fún un."

Nọ́ọ̀sì gba ìgò abẹ́rẹ́ tí ìyá wọn kó wá, ó gbé e sójú iná, ó mì ín, ó tún wò ó.

"Ibo lẹ ń kó abẹ́rẹ́ yìí sí?"

Àǹtí Òtútù gbórí sókè. "Inú òtútù ni. Àpótí tó dára gan-an. Èmi ni mo ṣe é."

"Ó ti bàjẹ́, ẹ wo nǹkan funfun tó léfòó nínú ẹ̀. Ooru ti pa á. Ó ti pẹ́ tó ti di omi lásán."

Wọ́n fún Télọ̀ ní èyí tó dáa, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ṣe gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ìyá tó yẹ kí ọmọ sin ló wá ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Òtútù gbé àpótí náà lọ sí láàbù, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Ó tú u. Ó wọn ìpele kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́ dáa. Èyí tó tẹ̀ lé e dáa. Ó wọn ìpele ẹnu ọ̀nà, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìlà tó ń fi agbára irin hàn, tó yẹ kó ga sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níbi ooru yàrá Télọ̀, ti di òkè méjì. Ọ̀kan wà lápá òtútù, ọ̀kan wà lápá ooru, àfonífojì sì wà láàárín wọn. Àárín yẹn gan-an ni yàrá àbúrò rẹ̀.

Kò yé e. Ó rò pé ìdọ̀tí omi ló bò ó. Ó gbé irin náà sínú omi gbígbóná kó fi fọ̀ ọ́, ó fi í síbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, ó tún un wọ̀n. Òkè méjèèjì ti padà di ọ̀kan. Ó ga, ó gún, ó dára bí ọjọ́ tó jó nínú láàbù.

Ìgbà náà ló yé e. Gáàsì tó fi bọ́ irin kò kún inú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí òòfà bá ń yí, gáàsì náà kò ráyè lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n tí irin bá jókòó sínú ìwọ̀n ooru tirẹ̀ gan-an fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, láìṣiṣẹ́, gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kiri nínú rẹ̀. Ibì kan á gba ti ibòmíràn mọ́ tirẹ̀, irin kan ṣoṣo á di oríṣi méjì, kò sì sí èyí tó máa wúlò fún yàrá náà mọ́. Ìsinmi ló bà á jẹ́. Ooru líle, tó ju ti yàrá lọ, ló sì ń wò ó sàn. Ká ní ìyá wọn kò fa kọ́tìnì ni! Ká ní ó gbé e sí oòrùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan pẹ̀lú ìwà àìbìkítà, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ṣe! Irin ti jí. Èèyàn ò jí. Àǹtí Òtútù ṣubú lulẹ̀ láàárín láàbù, ó kígbe tí àwọn tó wà lókè fi sáré wá.

Ọ̀gá wo kọ̀ǹpútà, ó wo bébà tó tẹ̀ jáde, ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Ṣé o mọ ohun tó o rí yìí? Kò sẹ́ni tó tíì rí i níbí rí. Ìwádìí ńlá nìyí!"

"Ọ̀gá, ohun tó pa àbúrò mi ni mo rí."

Ọkùnrin tí kì í jókòó yẹn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó gbé fóònù, ó pe gbogbo ilé ìwòsàn tí àpótí wà, ó ní kí wọ́n má ṣe pa á fún ìdí kankan, kí wọ́n fi tẹmómítà sínú rẹ̀, àwọn ń bọ̀ wá pààrọ̀ irin rẹ̀. Àǹtí Òtútù ló ṣe irin tuntun náà. Ó bọ́ ọ ní gáàsì títí tó fi kún dẹ́nu, tí kò fi sí àyè tí gáàsì lè ṣí lọ, ó wá fi èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní màǹgáníìsì fa ìwọ̀n rẹ̀ wálẹ̀. Ó dá a jókòó sínú ìwọ̀n ooru tirẹ̀ fún oṣù púpọ̀, ó ń wò ó. Kò pín sí méjì. Àǹtí Òtútù kò jó lọ́jọ́ yẹn.

Ó ku ẹnì kan tó yẹ kó gbọ́. Ó gbé àpótí náà padà lọ sí yàrá Télọ̀ tòun ti irin tuntun, torí ìyá wọn ní òun fẹ́ ẹ, ohun ọmọ òun ni. Pátánì bébà ṣì wà lára ògiri. Ìyá jókòó sórí àga ìránṣọ, ó ń na ẹsẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì ní ooru ló pa abẹ́rẹ́ ẹ̀. Kí ló ṣe àpótí?"

"Èmi ni mi ò ṣe é dáadáa, Màmá. Irin inú ẹ̀ ló bàjẹ́."

"Ṣebí ó ń ṣe dáadáa kí ó tó rìnrìn àjò."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá na ọwọ́ sí tábìlì ìránṣọ. Ó mú tíńbù kan, ìbòka irin tí télọ̀ fi ń dáàbò bo ìka, ó fi sí ìka, ó yọ ọ́.

"Ṣé torí pé mo pa á ni?"

Gbogbo ọ̀nà tí Àǹtí Òtútù gbà wá ló ti ń kọ́ ohun tó máa sọ. "Rárá o, Màmá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Èmi gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ pa á."

Ìyá wò ó lójú. Èmi ni mo bí i, kò sí bó ṣe fẹ́ fi irọ́ bò mí, ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Kò bú u. Kò sunkún. Ó dìde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu orí àpótí náà, ó ṣí kọ́tìnì, ó sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò pa á mọ́. Ìyá tí gílóòbù kan kò gbọ́dọ̀ tàn lásán lójú rẹ̀, òun ló ń dìde lóru lọ fi ọwọ́ kàn án, kó lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń yí. Àǹtí Òtútù ti fẹ́ sọ fún un pé irin tuntun yìí lè sinmi, pé kò sí ewu mọ́. Kò rí ẹnu sọ ọ́. Tó bá wá kí i, ó kàn máa ń pààrọ̀ bátìrì, á ṣí àpótí, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ó tutù dáadáa báyìí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.